Ìjọba Alágbàtà: Oníṣòwò Tó Di Aláṣẹ nínú Xala ti Ousmane Sembène

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ Xala létí àwọn tó ti wo sinimá rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń rántí ni ọkùnrin olówó kan tó fẹ́ ìyàwó kẹta, tí ara rẹ̀ sì kọ̀ láti dá a lóhùn ní alẹ́ ìgbéyàwó. Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní ohun tó ń wá ló rí. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì òkè sọ fún mi nígbà kan pé ìtàn náà kò ju ìtàn èèdì lọ, àti pé irú rẹ̀ kún inú eré àwọn òṣèré tiwa. N kò bá a jà. Bí ènìyàn bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nìkan, ìtàn náà tó ẹ̀rín í rín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ ti jẹ èèpo, ó sì ti sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí Sembène gbà fi oníṣòwò hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó di aláṣẹ ní orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Èrò wa ni pé Sembène kò wulẹ̀ sọ pé olówó ṣe òṣèlú, ó sì ṣe é láìdáa. Ohun tó sọ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé ìjọba. Wọ́n gbé ìsọ̀ náà wọlé ni. Ọjà tó sì wà nínú ìsọ̀ náà kì í ṣe tiwọn.

Yorùbá ní orúkọ fún irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀. Alágbàtà ni. Kì í ṣe òun ló gbin iṣu, kì í ṣe òun ló hun aṣọ. Àárín ẹni tó ni ọjà àti ẹni tó fẹ́ rà á ló dúró sí, tó sì ń jẹ èrè tirẹ̀. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Iṣẹ́ alágbàtà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn nínú ọjà, nítorí kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ló lè kó irè oko rẹ̀ dé ìgboro. Ìbéèrè tí Xala bi wá ni èyí: bí alágbàtà bá jókòó sórí àga aláṣẹ, kí ni yóò máa tà?

Òǹkọ̀wé, ìwé àti sinimá

A bí Ousmane Sembène ní 1923 ní Ziguinchor, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Ó ṣe iṣẹ́ apẹja àti iṣẹ́ bíríkìlà, ó wọ iṣẹ́ ológun Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ó di òṣìṣẹ́ èbúté ní Marseille. Ibẹ̀ ló ti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Èdè Faransé ló fi kọ ìtàn àròsọ rẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ó rí i pé àwọn tí òun ń kọ ìwé nítorí wọn kò lè ka èdè tí òun fi ń kọ ọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Moscow, ó sì ṣe Borom Sarret ní 1963. Ní 1968 ó ṣe Mandabi, nínú èyí tí ó ti jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ máa sọ Wolof. Ó kú ní 2007.

Ìwé Xala jáde ní 1973, sinimá rẹ̀ sì jáde ní 1975. Òǹkọ̀wé kan náà ló ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà ni méjèèjì sọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ṣe pàtàkì fún àlàyé wa.

Ní ṣókí, ìtàn náà lọ báyìí. El Hadji Abdou Kader Beye (El Hadji ni àwa ń pè ní Alájì) jẹ́ oníṣòwò pàtàkì ní Dakar. Ó ní ìyàwó méjì: Adja Awa Astou, ìyáálé, tó jẹ́ onísùúrù, àti Oumi N'Doye, tó fẹ́ràn ohun òyìnbó. Ó fẹ́ ẹ̀kẹta, ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ N'Gone. Ní alẹ́ ìgbéyàwó, ó di akúra. Ohun tí wọ́n ń pè ní xala lédè Wolof nìyẹn. Ó ń ti ọ̀dọ̀ aáfà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, owó rẹ̀ ń tán, ọjà rẹ̀ ń bàjẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé e kúrò láàrin wọn. Níkẹyìn ó gbọ́ pé alágbe tó máa ń jókòó nítòsí ìsọ̀ òun lójoojúmọ́ ló fi xala náà ṣe òun, nítorí òun ti fi èrú gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ nígbà kan rí.

Láti ìsọ̀ dé orí àga

Nínú ìwé, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ọmọ onílẹ̀ ń ṣe àjọyọ̀ nítorí pé ọ̀kan nínú wọn di alága Ìgbìmọ̀ Ìṣòwò, ipò tí ọmọ Áfíríkà kò dé rí. Ọ̀rọ̀ òwò ni, ó sì bá ìtàn orílẹ̀-èdè náà mu. Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ Faransé ńláńlá ló ṣì di òwò ńlá mú lẹ́yìn náà, àwọn ará Lẹ́bánónì sì wà nídìí òwò tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi máa di 1968, àwọn oníṣòwò ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ti kó ara wọn jọ láti béèrè ipò tiwọn nínú ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wọn. A kò lè sọ pé wọ́n ṣẹ̀ nípa bíbéèrè. Ẹni tí kò bá ní owó lọ́wọ́ nílé ara rẹ̀, òmìnira rẹ̀ kò tíì pé.

Nígbà tí Sembène gbé ìtàn náà sínú sinimá, ó yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Ìlù ń dún, àwọn ènìyàn ń jó lójú títì. Àwọn ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ gun àtẹ̀gùn ilé Ìgbìmọ̀ náà, wọ́n kó àwọn ère Faransé tó wà níbẹ̀ jáde sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó tó jókòó síbẹ̀ jáde. A gbọ́ ohùn kan tí ń sọ pé àwa ọmọ onílẹ̀ ni a ó máa darí ara wa báyìí. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ yẹn kò ní rò pé ẹgbẹ́ oníṣòwò kan ló ń yan alága. Òmìnira gan-an ló ń wò. Láti ìgbà náà lọ, ilé Ìgbìmọ̀ Ìṣòwò di ilé ìjọba, alága rẹ̀ di olórí orílẹ̀-èdè, àwọn oníṣòwò sì di mínísítà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún wọn.

Lámèyítọ́ kan lè sọ pé àléébù nìyẹn, pé Sembène da òwò àti ìṣèlú pọ̀ mọ́ ara wọn. Lójú tiwa, dídà tí ó dà wọ́n pọ̀ ni kókó iṣẹ́ rẹ̀. A kò rí ibi tí El Hadji ti polongo ìbò. A kò rí i kí ó sọ fún ará ìlú ohun tí yóò ṣe fún wọn. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé láti ìsọ̀ dé orí àga, kò sì yí ohunkóhun padà nínú ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn òyìnbó tí wọ́n lé jáde padà wá. Wọ́n gbé báàgì awọ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ níwájú ọmọ Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ ṣí i, owó ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní àkókò yìí, wọ́n ti bọ́ aṣọ ìbílẹ̀, wọ́n ti wọ kóòtù àti táì. Láti ọjọ́ náà, òyìnbó kan di olùdámọ̀ràn tó ń dúró lẹ́yìn alága. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ọjà kò ní láti pariwo bí alágbàtà rẹ̀ bá ń ṣe iṣẹ́ dáadáa. Ohun tó wà nínú báàgì wọ̀nyẹn ni àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní lààdá, owó ẹni tó mú oníbàárà wá. Ọjà tí wọ́n sì tà ni ìlú tí àwọn ènìyàn ń jó nítorí rẹ̀ níta.

Owó tí kò sí nídìí ìwé

Bí a bá wo ọrọ̀ El Hadji fínnífínní, a ó rí i pé àwìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Mọ́tò Mercedes rẹ̀, ilé ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ fún ìyàwó tuntun, gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ owó báńkì àti ọjà tí ẹlòmíràn gbé fún un. Kò sí ohun kan tó ń ṣe jáde. Kódà, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ta ìrẹsì tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dá ń pa àwọn ará oko ní gbogbo agbègbè náà ní àwọn ọdún tí Sembène ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó fi èyí hàn jù ni ti aáfà tí ń jẹ́ Serigne Mada. Aáfà yìí wo El Hadji sàn. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. El Hadji kọ ìwé sọ̀wédowó fún un, ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà dé báńkì, kò sí owó nídìí rẹ̀. Serigne Mada dá xala náà padà sí i lára.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàtẹ́wọ́ níbi yìí, nítorí pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kíyè sí ni pé Sembène ti so ara ọkùnrin náà mọ́ ìwé owó rẹ̀. Agbára rẹ̀ wà níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá ní owó nídìí. Bí ìwé bá di òfo, òun náà di òfo. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ ka xala gẹ́gẹ́ bí ohun tó kàn ṣàdédé bọ́ lu ọkùnrin alágbára. Kí ó tó di akúra ní yàrá ìyàwó ló ti di akúra nínú òwò, àti nínú Ìgbìmọ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Ara rẹ̀ wulẹ̀ jẹ́rìí sí i ni.

Ohun kan tún wà tí àwa Yorùbá yóò tètè lóye. Kí ó tó wọlé ọ̀dọ̀ ìyàwó, àwọn àgbà obìnrin ìdílé ìyàwó ní kí ó jókòó sórí odó, kí ó fi ọmọ odó há àárín ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. El Hadji kọ̀. Ó ní ìgbàgbọ́ asán ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò pẹ́ tí ó fi ń sáré kiri ọ̀dọ̀ àwọn aáfà, tí ó ń jẹ́ kí wọ́n fi oríṣiríṣi nǹkan pa òun lára. Sembène kò sọ pé odó lè gbà á là. Ohun tó fi hàn ni ọkùnrin tó mú nínú àṣà kìkì ohun tó bá a lára mu: ó fi àṣà fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ó fi òyìnbó yẹra fún ojúṣe tí àṣà náà gbé kà á lórí. Ìbálò alágbàtà ni òun àti àṣà ń bá ara wọn lò.

Èdè tí wọ́n fi ń bú ènìyàn

Ibi tó kan àwa olùkọ́ èdè jù nìyí. Nígbà tí ọ̀ràn El Hadji dójú ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é jókòó láti lé e. Nínú sinimá, ó dìde, ó ní òun fẹ́ fi Wolof sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ̀ fún un. Wọ́n ní èdè Faransé nìkan ni èdè ilé náà, títí kan èébú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi yìí. Ọkùnrin yìí kan náà ló ti bínú sí Rama, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, nítorí pé bí òun bá fi Faransé bá a sọ̀rọ̀, Wolof ló fi ń dá òun lóhùn. Ó fún Rama ní omi inú ìgò tó ti ilẹ̀ Faransé wá, Rama ní òun kì í mu omi àtòkèèrèwá. Irú omi yìí kan náà ni wọ́n ń fi fọ mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí nǹkan ṣì dára fún un, èdè abínibí rẹ̀ dà bí ohun ìtìjú lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó fẹ́ sọ òtítọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló wá rántí rẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Òtítọ́ tí ó sì fẹ́ sọ ni pé olè ni gbogbo wọn, pé àwọn kò ní agbára kankan, pé alágbàtà lásán ni àwọn láàrin àwọn tó ni ọjà àti àwọn ènìyàn ìlú. Ó sọ ọ́ lédè Faransé níkẹyìn. Kò sì sí ẹni tó yí ọkàn padà, nítorí èdè tí wọ́n gbà á láàyè láti lò ni èdè tí wọ́n fi ń ṣe òwò náà.

Sembène kò sọ èyí láti ẹnu nìkan. Ní 1971, òun àti onímọ̀ èdè Pathé Diagne dá ìwé ìròyìn Kaddu sílẹ̀ lédè Wolof. Ní 1977, sinimá rẹ̀ mìíràn, Ceddo, jáde. Ìjọba Léopold Sédar Senghor fi òfin dè é, ìdí tí wọ́n sì sọ ní gbangba ni pé ó kọ àkọlé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà d méjì nígbà tí àkọtọ́ ìjọba ní kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Àwa tí a ti jiyàn lórí àkọtọ́ Yorùbá ṣáájú ìfọwọ́sí ọdún 1974 àti lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò gbà pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló bà wọ́n lẹ́rù. Xala pàápàá, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n gé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ará Sẹ̀nẹ̀gà wò ó. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde nítorí eré Yorùbá Ronú, àfi ìgbà tí ìjọba ológun dé ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Eré tí a fi èdè tí ará ọjà gbọ́ ṣe máa ń ba aláṣẹ lẹ́rù ju ìwé tí a fi èdè ilé ìjọba kọ lọ. Ìwé Xala wà ní títà, sinimá ni wọ́n fi àlùmọ́gàjí bọ̀.

Ilẹ̀ àti àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí rẹ̀

Alágbe tó wà nítòsí ìsọ̀ El Hadji ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ohùn rẹ̀ ń bí El Hadji nínú. Ó pe àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n kó òun àti àwọn abirùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò. Wọ́n kó wọn jù sí ibi jíjìnnà lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn padà, àwọn mìíràn ń fà lórí ilẹ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n lé jáde padà wá pẹ̀lú báàgì owó. Àwọn tálákà tí wọ́n lé jáde padà wá pẹ̀lú ara wọn nìkan. Bí Sembène ṣe fi ìpadàbọ̀ méjèèjì yìí kọjú síra fi hàn pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Nígbà tí alágbe náà wá tú àṣírí, a gbọ́ pé ìbátan El Hadji ni. El Hadji yí orúkọ ìdílé padà nínú ìwé, ó fi gba ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ó tún jẹ́ kí wọ́n sọ ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. Ìpìlẹ̀ gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe òwò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó, ilẹ̀ ni. Yorùbá ní ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ májẹ̀mú ni a sábà máa ń fi òwe yẹn sọ, ṣùgbọ́n nínú Xala májẹ̀mú àti erùpẹ̀ di ohun kan náà: ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí ti da ilẹ̀.

Àwọn alágbe ní kí ó bọ́ sí ìhòòhò, kí àwọn tutọ́ sí i lára, bí ó bá fẹ́ gba ìwòsàn. Bí ìwé ṣe parí ni pé àwọn ọlọ́pàá wà níta tí wọ́n na ìbọn, tí wọ́n fẹ́ yìn ín. Sinimá kò lo ìbọn níkẹyìn. Àwòrán rẹ̀ dúró gbáà lórí ara tí itọ́ ti bò. Ìparí ìwé rán wa létí pé ìjọba ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Ìparí sinimá kò jẹ́ kí a ráyè sá. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, ti ìwé ni n ó yàn, nítorí itọ́ lè mú kí òǹwòran rò pé ẹ̀san ti parí.

Ibi tí iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó sí

Kò yẹ kí a yin iṣẹ́ kan títí kí a má rí àléébù rẹ̀. Àkọ́kọ́, Rama pé jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́, gbogbo aṣọ rẹ̀ ní ìtumọ̀, a kò sì rí ibi tí ó ti ṣiyèméjì. Ó dà bí pátákó ìkéde ju bí ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ tó sì ń tijú nítorí rẹ̀ lọ. Èkejì, N'Gone. Sembène bá àwọn ọkùnrin wí pé wọ́n sọ ọmọdébìnrin yìí di ọjà, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní ọ̀rọ̀ kan sọ. A mọ iye ẹ̀bùn tí wọ́n kó wá nítorí rẹ̀ ju bí a ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Itọ́ tú ìbínú jáde, kò tú ìwé ilẹ̀ ká.

Àléébù kẹta yìí ni mo rò pé Sembène fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rí mi ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí àwọn òǹwòran máa ń gbàgbé. Gbéwiri kan wà nínú sinimá náà tó yọ owó lápò ará oko kan, owó tí àwọn ará abúlé kó jọ láti fi ra oúnjẹ. Gbéwiri yìí fi owó náà ra kóòtù tuntun. Nígbà tí wọ́n lé El Hadji, òun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀. Àga náà kò ṣófo fún ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ìṣubú El Hadji láìka ti gbéwiri yìí sí ti gba ìwé sọ̀wédowó tí kò ní owó nídìí.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí olówó ṣe òṣèlú. Ìtàn tiwa pàápàá kún fún àwọn bọ̀rọ̀kìní tó fi owó wọn gba ìlú lọ́wọ́ ebi àti ogun. Bẹ́ẹ̀ ni tálákà tó di aláṣẹ lè jalè ju olówó lọ. Ohun tí Xala kọ́ wa ni bí a ṣe lè wádìí ọ̀rọ̀ náà. Níbo ni owó ọkùnrin yìí ti wá? Kí ni ó ń ṣe jáde, tàbí ọjà ta ni ó ń tà? Èdè wo ni ó ń fi bá wa sọ̀rọ̀ nígbà tí kò nílò wa? Ta ni ó lé kúrò lórí ilẹ̀ kí ó tó gun àtẹ̀gùn?

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ nípa El Hadji. Nínú ìwé, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nítorí pé ó ń ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe ọmọ olè ni wọ́n bí i. Ìgbà kan wà tí ó dúró níwájú àwọn ọmọdé pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, tí ó sì gbà pé ìjìyà tọ́ nítorí ohun tí ó tọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín dé òpin. Nígbà tí mo bá ń kọ́ni ní ìwé yìí, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìgbà wo gan-an ni ọkùnrin yìí di akúra. Àwọn kan a ní alẹ́ ìgbéyàwó ni. Àwọn kan a ní ọjọ́ tí ó gba báàgì owó ni. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan tó máa ń dákẹ́ nínú kíláàsì dìde, ó ní: “Ọjọ́ tí ó yí orúkọ ẹbí rẹ̀ padà nínú ìwé ni, sà.” N kò ní ohun tí mo lè fi kún ìdáhùn yẹn.